Sleeve, bypass tàbí abẹ́rẹ́: ìfiwéra fún ọ̀dọ́ tó ń ro iṣẹ́ abẹ ìsanra

Ọ̀dọ́ tó bá ń ro iṣẹ́ abẹ láti dín ara kù, ìbéèrè tó kọ́kọ́ máa ń jáde lẹ́nu rẹ̀ ni "Èwo ló ń yọ kílò jù?" Ìbéèrè gidi ni, màá sì dáhùn rẹ̀ nísàlẹ̀. Àmọ́ ìdáhùn rẹ̀ nìkan kò tó fún ẹni ọdún 22 láti fi pinnu. Ẹni ọdún 55 tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ yìí ti bímọ tán, ó ti mọ àìsàn tó ń bá a fínra, ó sì mọ oúnjẹ tó bá ara rẹ̀ mu. Ìwọ ò tíì mọ gbogbo ìyẹn. Inú tí wọ́n bá gé fún ọ lónìí lo máa fi jẹun fún 50 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òun lo máa fi gbé oògùn mì, tó o bá sì jẹ́ obìnrin, òun ló máa bọ́ oyún rẹ. Torí náà, bí mo ṣe ń gbé àwọn ọ̀nà wọ̀nyí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ohun tí mò ń wò jù ni èyí tí wàá lè bá gbé nígbà tí ariwo kílò bá ti rọlẹ̀.

Ẹni ọdún 18 sí 30 ni mo kọ ọ́ fún. Ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ bá ń kà á nítorí ọmọ yín, ẹ má bínú pé "ìwọ" ni mò ń wí.

## Ta ni wọ́n ń ṣe é fún?

BMI, òǹkà tó ń fi ìwọ̀n ara wé gíga, ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Gíga rẹ ní mítà ni wàá sọ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, wàá wá fi èsì yẹn pín kílò rẹ. Ká ní ọmọbìnrin kan ga ní mítà 1.65: 1.65 lọ́nà 1.65 jẹ́ 2.72. Tó bá wọn kílò 109, BMI rẹ̀ jẹ́ 40. Tó bá wọn kílò 98, ó jẹ́ 36.

Ibi tó ń gbé ló máa sọ ohun tí 36 yẹn jẹ́. Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ ìsanra tún ìlànà wọn ṣe lọ́dún 2022: 35 ti tó, àìsàn ì báà má sí. Ẹni tó wà láàárín 30 sí 35 náà ṣeé gbé yẹ̀ wò tó bá ní ìtọ̀ ṣúgà tàbí irú àìsàn bẹ́ẹ̀. Kó tó di ìgbà yẹn, ìlànà ọdún 1991 ni wọ́n ń tẹ̀ lé, èyí tó ń béèrè 40, tàbí 35 pẹ̀lú àìsàn, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ìbánigbófò ò sì tíì kúrò lórí rẹ̀.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, NICE tó ń kọ ìlànà fún NHS, ètò ìlera ìjọba níbẹ̀, ṣì dúró lórí 40, tàbí 35 pẹ̀lú àìsàn bí ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà tàbí kí èémí máa dá lójú oorun. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú ìwé wọn tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ní London àti Manchester kò mọ̀. Ẹni tí ìran rẹ̀ bá wá láti ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú ní Áfíríkà, wọ́n lè yọ 2.5 kúrò nínú òǹkà yẹn fún un, torí pé àìsàn tó ń bá ìsanra rìn máa ń tètè mú wa ní ìwọ̀n tó kéré sí ti aláwọ̀ funfun. Tiwa wá di 37.5, tàbí 32.5 tí àìsàn bá wà. Tí GP rẹ, ìyẹn dókítà àdúgbò, bá sọ pé o ò tíì dé ojú ìwọ̀n, fọ̀wọ̀ bi í pé èwo nínú òǹkà méjèèjì ló lò fún ọ.

Ní Nàìjíríà, àpò ló ń pinnu. Ọsibítù aládàáni, pàápàá ní Èkó àti Àbújá, ni wọ́n ti ń ṣe púpọ̀ jù nínú rẹ̀, owó ara ẹni lèèyàn sì máa ń san. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù níbẹ̀ ni pé ẹni tí kò yẹ fún un, tó sì lówó lọ́wọ́, lè rí ẹni tó máa gé e.

## Sleeve àti bypass

Méjèèjì, ihò wẹ́wẹ́ mélòó kan ni wọ́n ń dá sí ikùn, kámẹ́rà tín-ín-rín àti irinṣẹ́ gígùn ló ń gba ibẹ̀ wọlé. Oògùn akunnilóorun ni wọ́n máa fi mú ọ sùn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kúrò ní ọsibítù lẹ́yìn òru kan sí méjì, wọ́n sì lè padà sẹ́nu iṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin, bí iṣẹ́ náà bá ṣe le sí.

Nínú sleeve, wọ́n máa gé nǹkan bí ìdá 75 sí 80 nínú 100 àpòlúkù dànù. Èyí tó ṣẹ́kù á gùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Apá òkè tí wọ́n gé sọnù yẹn ló ń tú ghrelin, èròjà tó ń rán ọpọlọ létí pé ebi ń pa ọ́. Torí náà, yàtọ̀ sí pé àyè oúnjẹ kéré, ebi náà á rẹlẹ̀, ó kéré tán fún ìgbà díẹ̀. Wọn ò fọwọ́ kan ìfun rárá.

Nínú bypass, wọ́n máa ya àpò kékeré kan sọ́tọ̀ lókè àpòlúkù, tí kò gbà ju nǹkan bíi mílílítà 30 lọ. Wọ́n á gé ìfun kékeré, wọ́n á so ìsàlẹ̀ rẹ̀ mọ́ àpò kékeré yẹn. Oúnjẹ á wá máa fo àpòlúkù ńlá àti ìbẹ̀rẹ̀ ìfun kọjá. Àpòlúkù ńlá yẹn ṣì wà nínú rẹ, ó ṣì ń ṣe omi rẹ̀, ṣùgbọ́n oúnjẹ kò dé ibẹ̀ mọ́.

Bí wọ́n ṣe rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn rèé, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tó ń dín ìsanra kù, tí màá dé bá láìpẹ́:

| | Sleeve | Bypass | Abẹ́rẹ́ |
|---|---|---|---|
| Ìwọ̀n ara tó ń lọ | nǹkan bí ìdá 25 nínú 100 lọ́dún kìíní | nǹkan bí ìdá 30 | ìdá 15 sí 20 láàárín ọdún kan àti oṣù díẹ̀ |
| Àyà títa (omi kíkan inú tó ń rú wá sí ọ̀fun) | ó lè bẹ̀rẹ̀, tàbí kó le sí i | ó sábà máa ń lọ | èébì gbígbé àti inú kíkún ló wọ́pọ̀ |
| Ṣé ó ṣeé yí padà? | rárá, ṣùgbọ́n wọ́n lè sọ ọ́ di bypass | ó nira gan-an | bẹ́ẹ̀ ni, kílò sì ń padà bọ̀ |
| Fítámínì | títí ayé | títí ayé, ó sì pọ̀ ju ti sleeve lọ | bí dókítà bá ṣe wí |

Ní ti kílò, ìyàtọ̀ àárín iṣẹ́ abẹ méjèèjì kò tó bí àwọn ènìyàn ṣe ń pariwo rẹ̀. Ní Finland, wọ́n pín ènìyàn 240 sí ọ̀nà méjì, apá kan ṣe sleeve, apá kejì ṣe bypass, wọ́n sì ń wò wọ́n fún ọdún 10. Nínú kílò tó lé lórí bó ṣe yẹ, àwọn sleeve sọ ìdá 43.5 nínú 100 nù, àwọn bypass sọ ìdá 50.7 nù. Ká ní kílò 40 ló lé lára rẹ, ohun tí bypass fi ju sleeve lọ lẹ́yìn ọdún 10 kò pé kílò 3.

Ìgbà tí wọ́n ti kámẹ́rà bọ ọ̀nà ọ̀fun wọn ni ìyàtọ̀ ńlá jáde. Ìdá 31 nínú 100 àwọn tó ṣe sleeve ni omi kíkan inú ti jó ọ̀nà ọ̀fun wọn. Ìdá 7 ni nínú àwọn bypass. Torí náà, tó bá jẹ́ pé báyìí gan-an lo ti ń sùn lórí ìrọ̀rí mẹ́ta kí omi kíkan má baà rú wá sí ọ̀fun rẹ, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta sleeve fún ọ nítorí pé ó yá. Bypass ló bá ọ mu.

Ẹni tó ti ní ìtọ̀ ṣúgà náà, mo rò pé kó kọ́kọ́ bi dókítà nípa bypass. Ní Cleveland Clinic l'Amẹ́ríkà, àwọn onítọ̀ ṣúgà ni wọ́n fi wádìí. Nígbà tó fi máa pé ọdún márùn-ún, bypass ti yọ ìdá 23 nínú 100 ìwọ̀n ara wọn, sleeve yọ ìdá 19, àwọn tó ń lo oògùn nìkan sì sọ ìdá 5 nù. Èsì yẹn jáde lọ́dún 2017, kí abẹ́rẹ́ tuntun tó gbòde.

Kí ló wá burú nínú bypass? Ó ní tiẹ̀. Bó o bá mu mínírà tàbí jẹ àkàrà òyìnbó tó dùn, oúnjẹ á já wọ ìfun lẹ́ẹ̀kan náà, àyà rẹ á máa lù kìkì, òógùn á bò ọ́, inú á máa yí, wàá sì fẹ́ dùbúlẹ̀. Ọgbẹ́ inú lè yọ níbi tí wọ́n ti so àpò mọ́ ìfun, ìdí nìyí tí sìgá fi di èèwọ̀, tí àwọn oògùn ìrora bí ibuprofen àti diclofenac náà fi di èèwọ̀. Lọ́dọ̀ wa, níbi tí wọ́n ti ń ra ibuprofen lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì láìbéèrè, tí nǹkan oṣù bá sì ti dé, òun lobìnrin máa ń sáré gbé, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré. Ìfun tún lè lọ́ gba ojú ihò tó ṣí sílẹ̀ nínú ikùn, kó há síbẹ̀, ìyẹn lè ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọdún púpọ̀, pàjáwìrì sì ni.

Ohun mìíràn tún wà tó kan àwa gan-an. Kòkòrò H. pylori, tó ń fa ọgbẹ́ inú, wọ́pọ̀ gan-an ní Nàìjíríà. Lẹ́yìn bypass, kámẹ́rà tí wọ́n ń tì gba ọ̀fun kò lè dé àpòlúkù ńlá tí wọ́n yà sọ́tọ̀ mọ́. Kí wọ́n yẹ inú rẹ wò, kí wọ́n sì wo kòkòrò yẹn sàn kí wọ́n tó gé ohunkóhun. Níbẹ̀ náà ni kó o ti sọ genotype rẹ, kí wọ́n má baà ṣẹ̀ṣẹ̀ máa béèrè lórí tábìlì. Ẹni tó jẹ́ SS nílò ìmúrasílẹ̀ ọ̀tọ̀ kí wọ́n tó sùn ún.

Ikú ńkọ́? Ní ibi tí wọ́n ti mọ iṣẹ́ náà dáadáa, ó tó ẹnì kan nínú 1,000, tí kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹni tí wọ́n yọ àpò òróòro fún. Ohun tó sábà ń pani ni ẹ̀jẹ̀ dídì tó ń rìn lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, àti jíjò níbi tí wọ́n ti rán an. Bí àyà rẹ bá ń yára lù láìdúró, tí ibà wà níbẹ̀, tí ikùn tàbí èjìká sì ń dùn ọ́ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ọsibítù ni kó o gbà lọ lójú ẹsẹ̀, kó o má dúró de ọjọ́ tí wọ́n ní kó o padà wá.

Èrò tèmi: ọ̀dọ́ tí kò ní àyà títa, tí kò sì ní ìtọ̀ ṣúgà, sleeve ni kó kọ́kọ́ wò. Ìfun rẹ̀ wà bí Ọlọ́run ṣe dá a. Bí nǹkan kò bá lọ dáadáa lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, wọ́n ṣì lè sọ sleeve di bypass. Ẹni tó ti bẹ̀rẹ̀ láti orí bypass, ọ̀nà tó ṣẹ́ kù fún un kò pọ̀.

## Ṣé kí n dúró kí n dàgbà sí i?

Ọ̀rọ̀ àwọn ìyá wa nìyí: "Ọmọdé ni ẹ́, ìsanra ọmọdé á lọ tó bá yá." Ìsanra tó ti kọjá BMI 40 lọ́mọ ọdún 20 kì í sábà lọ fúnra rẹ̀. Ìwádìí Amẹ́ríkà kan tí wọ́n ń pè ní Teen-LABS lọ bá àwọn tí kò tíì pé ogún ọdún nígbà tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ yìí. Nígbà tí ọdún 10 pé, àwọn 260 tí wọ́n tẹ̀ lé ṣì fi nǹkan bí ìdá 20 nínú 100 kéré sí BMI tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Nínú àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà, ìdá 55 ṣì wà láìní in. Nínú àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ìdá 57.

Ìwádìí kan náà ti kọ́kọ́ fi àwọn ọ̀dọ́ wé àwọn àgbà tó ṣe bypass. Ní ọdún márùn-ún, ìtọ̀ ṣúgà lọ lára ìdá 86 nínú 100 àwọn ọ̀dọ́, ìdá 53 péré nínú àwọn àgbà. Àìsàn tí kò tíì pẹ́ lára rọrùn láti lé jáde. Ibi tí àwọn ọ̀dọ́ ti fìdí rẹmi ni èròjà irin inú ẹ̀jẹ̀: ní ọdún kejì, ó ti lọ sílẹ̀ lára ìdá 48 nínú wọn, tó jẹ́ ìdá 29 nínú àwọn àgbà. Ọ̀dọ́ kì í fẹ́ gbé oògùn lójoojúmọ́, ibẹ̀ ni wàhálà wà. Tí o kò bá lè rántí oògùn kan láràárọ̀ fún oṣù mẹ́ta báyìí, dán ìyẹn wò ná kó o tó lọ bá oníṣẹ́ abẹ. Multivitamin, èròjà irin, B12, calcium àti fítámínì D ni wọ́n máa kọ fún ọ, kò sì lọ́jọ́ tó máa parí. Owó rẹ̀ náà, ìwọ ni wàá máa san án.

## Abẹ́rẹ́ ńkọ́?

Semaglutide, tí wọ́n ń tà ní Wegovy, àti tirzepatide, tó jẹ́ Mounjaro nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Zepbound ní Amẹ́ríkà, ti yí ọ̀rọ̀ yìí padà. Nínú ìwádìí tó jáde lọ́dún 2021, semaglutide yọ ìdá 14.9 nínú 100 ìwọ̀n ara ní ọ̀sẹ̀ 68, àwọn tí wọ́n fún ní abẹ́rẹ́ òfìfo sọ ìdá 2.4 nù. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, tirzepatide tó lágbára jù yọ ìdá 20.9 ní ọ̀sẹ̀ 72.

Ó ń jọ pé ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká padà sórí ọmọbìnrin mítà 1.65 yẹn. Ká ní kílò 136 ló wọ̀n, BMI 50. Abẹ́rẹ́ tó dára jù á gbé e dé nǹkan bíi kílò 109, BMI 40. Ó ṣì wà níbi tí wọ́n ti ń pe ènìyàn wá fún iṣẹ́ abẹ. Bypass lè gbé e dé nǹkan bíi kílò 95, BMI 35. Fún ẹni tó wà ní BMI 36, tí kò láìsàn, èmi á ní kó kọ́kọ́ fi abẹ́rẹ́ gbìyànjú, tó bá lágbára rẹ̀, torí pé ó ṣeé dá dúró. Fún ẹni tí BMI rẹ̀ jẹ́ 50, abẹ́rẹ́ nìkan kò ní gbé e débi tó ń lọ.

Dídá a dúró yẹn náà ni ìṣòro rẹ̀. Àwọn tó ṣíwọ́ semaglutide, láàárín ọdún kan, ìdá méjì nínú mẹ́ta kílò tí wọ́n sọ nù ti padà. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé owó oṣooṣù ni, bóyá títí ayé. NHS gan-an, wọn kì í fún ẹnì kan ní Wegovy ju ọdún méjì lọ. Jókòó, kọ iye tí ọ̀kan ń ná ọ lóṣù, sọ ọ́ di púpọ̀ lọ́nà 12, lẹ́yìn náà lọ́nà ọdún tó o rò pé wàá lò ó, kó o wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ iye iṣẹ́ abẹ.

Ayédèrú sì pọ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, Àjọ Ìlera Àgbáyé kìlọ̀ nípa ayédèrú semaglutide tí wọ́n rí ní Brazil, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà. Tó bá ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ yẹn, o mọ bí ti orí Instagram ní Èkó ṣe máa rí. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n gbé wá nínú ọ̀rá láìsí yìnyín, má gbà á.

Balloon tí wọ́n ń tì sínú àpòlúkù, oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà ló ń lò níbẹ̀, kò sì yọ tó iṣẹ́ abẹ. Wọ́n á yọ ọ́ jáde, tàbí kó jáde fúnra rẹ̀, ọ̀pọ̀ kílò á sì tẹ̀ lé e padà. Ó wúlò fún ẹni tí ara rẹ̀ wúwo jù fún iṣẹ́ abẹ, tó fẹ́ kọ́kọ́ fúyẹ́ díẹ̀. Fún ọ̀dọ́ tí ara rẹ̀ le, mi ò rí ohun tó fi dára ju abẹ́rẹ́ lọ. Ní ti tíì ìfọnú àti àgbo ìjò tí wọ́n ń kiri, ìgbẹ́ gbuuru ni wọ́n ń tà. Omi ló ń lọ, ọ̀rá kò kúrò níbi tó wà.

## Okèlè, ẹran àti òde àríyá

Ibí yìí ni ìwé àlàyé tí wọ́n ń fúnni ní ọsibítù òkè òkun kì í dé. Ní ọ̀sẹ̀ bíi méjì àkọ́kọ́, nǹkan olómi nìkan. Lẹ́yìn náà, oúnjẹ lílọ̀, lẹ́yìn náà oúnjẹ rírọ̀, kó tó wá di oúnjẹ gidi ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹfà sí kẹjọ. Àwọn ìyá wa á ti gbé ògì kaná, torí òun ni wọ́n mọ̀ fún aláìsàn. Ògì olómi rọrùn lọ́fun lóòótọ́, àmọ́ purotéènì inú rẹ̀ kò tó nǹkan, purotéènì ni ara tí wọ́n gé ń wá. Giramu 60 lóòjọ́, ó kéré tán, ni wọ́n sábà ń béèrè. Ẹyin kan ní nǹkan bíi giramu 6. Fi ọkàn rẹ ṣe ìṣirò ohun tó kù, kó o wá rántí pé ṣíbí mélòó kan péré ni inú rẹ máa gbà lẹ́ẹ̀kan.

Okèlè ni ọ̀rọ̀ tó le jù. Ẹni tí wọ́n fi iyán tọ́ dàgbà mọ̀ pé iyán kì í ṣe ohun tí à ń jẹ lẹ́yín. A máa ń gbé e mì ni. Tó o bá gbé òkèlè mì bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn sleeve tàbí bypass, á há sẹ́nu ọ̀nà. Àyà á máa fún ọ, itọ́ tó ń hó á kún ẹnu rẹ, wàá sáré lọ sílé ìyàgbẹ́, kò sì ní rọlẹ̀ títí tó fi máa padà jáde. Àwọn kan kì í lè jẹ ẹ̀bà mọ́ fún bí ọdún kan. Àwọn mìíràn á jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n òkèlè tó tó orí ìka, tí wọ́n fi eyín rún bí ẹran, tí ọbẹ̀ sì pọ̀ lórí rẹ̀. Pọ̀nmọ́ àti ṣàkì náà ń há. Ẹja, mọ́ínmọ́ín, ẹ̀wà tó rọ̀ dáadáa àti ẹyin ló máa ń kọ́kọ́ bá inú ṣọ̀rẹ́. Omi kò gbọ́dọ̀ bá oúnjẹ rìn. Wọ́n máa ní kó o dúró fún ìṣẹ́jú 30 lẹ́yìn oúnjẹ kó o tó mu un.

Ó di òde ìgbéyàwó. Wọ́n gbé jollof, ẹran adìyẹ àti mọ́ínmọ́ín ka iwájú rẹ. O jẹ ìdajì mọ́ínmọ́ín, o jẹ ẹran díẹ̀, o gbé ṣíbí kalẹ̀. Àǹtí kan á ní, "Ṣé oúnjẹ wa ò dùn ni?" Èkejì á wò ọ́ láti òkè délẹ̀: "O mà rù o! Ṣé kò sí o?" Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá jò lójijì, àìsàn tàbí ìyà ni wọ́n máa kọ́kọ́ fura sí. Ìwọ lo máa pinnu ẹni tó o máa sọ fún. Mi ò sọ pé kó o kéde. Ṣùgbọ́n ó kéré tán, kí ẹnì kan nínú ilé mọ irú iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe fún ọ, torí pé bí ìfun bá há lóru ọjọ́ kan, tàbí tó o bá ń bì láìdúró fún ọjọ́ mélòó kan, dókítà tó bá gbà ọ́ gbọ́dọ̀ gbọ́. Èébì tí kò dáwọ́ dúró lè tán fítámínì B1 nínú ara, ìyẹn sì lè ba ọpọlọ àti iṣan jẹ́.

## Àwọn obìnrin, ẹ gbọ́

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́bìnrin tó ń ro iṣẹ́ abẹ yìí ni PCOS, àìsàn tó ń da ẹyin inú obìnrin rú, ń dà láàmú, tí nǹkan oṣù wọn ń fò. Bí kílò bá ti ń lọ, ẹyin inú wọn máa ń jí, oyún sì lè dé ní kíá. Oṣù 12 sí 18 ni wọ́n ń sọ pé kó o dúró kó o tó lóyún, torí pé ìgbà yẹn ni ara ń jò jù, ọmọ inú kò sì gbọ́dọ̀ bá ọ pín àìtó. Lẹ́yìn bypass, wọn kì í gbára lé oògùn ìfètòsọ́mọbíbí ẹlẹ́nu, torí pé ara lè má gbà á wọlé tó. Béèrè ohun tí wọ́n ń fi sí abẹ́ awọ apá tàbí inú ilé ọmọ kí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ tó kò. Tirzepatide pàápàá lè dín agbára oògùn ẹlẹ́nu kù, semaglutide sì gbọ́dọ̀ dúró fún oṣù méjì ó kéré tán kó o tó gbìyànjú oyún.

Irun máa ń re láàárín oṣù kẹta sí ìkẹfà. Ó sábà máa ń hù padà. Awọ tó jò sílẹ̀ ní apá, ikùn àti itan, ìyẹn kì í padà fúnra rẹ̀, iṣẹ́ abẹ mìíràn ni gbígé e, NHS kì í sì í sábà sanwó rẹ̀.

## Ọtí, àti ohun tó wà lọ́kàn

Lẹ́yìn bypass ní pàtàkì, ọtí máa ń yára wọ ẹ̀jẹ̀. Ife kan á ṣe iṣẹ́ méjì. Ní Amẹ́ríkà, ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2012 rí i pé ìṣòro ọtí pọ̀ sí i ní ọdún kejì lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ọ̀dọ́ sì wà lára àwọn tó léwu fún jù. Ẹni tó bá ń fi oúnjẹ pa ìbànújẹ́ rẹ́, tí oúnjẹ ò bá wọlé mọ́, ó ṣeé ṣe kó wá nǹkan mìíràn. Sọ òtítọ́ fún onímọ̀ ọpọlọ tí wọ́n bá ní kó bá ọ sọ̀rọ̀. Àwọn kan rò pé wọ́n wá dán wọn wò ni, wọ́n á ní ara àwọn le koko. Tó o bá ní ìdààmú ọkàn, ó sàn kí wọ́n mọ̀ ṣáájú, kí wọ́n tọ́jú rẹ̀, ju kó yọjú nígbà tó o bá ti jò tán tí ayé kò sì dùn bó o ṣe rò.

## Níbo?

Tó bá jẹ́ NHS, ó máa pẹ́. Àwọn kan ń dúró fún ọdún. Ṣùgbọ́n ọdún méjì ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi tẹ̀ lé ọ lẹ́yìn rẹ̀, kó tó di àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lọ́dọọdún lọ́dọ̀ GP. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí kò ní sùúrù máa ń fò lọ sí Tọ́kì, torí pé owó rẹ̀ kéré. Àwọn oníṣẹ́ abẹ tó mọṣẹ́ wà níbẹ̀. Ohun tí kò sí níbẹ̀ ni ẹni tó máa gbọ́ ìpè rẹ ní oṣù kẹrin. Àti pé jíjókòó sínú bàlúù fún wákàtí mélòó kan ní ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ń fi kún ewu ẹ̀jẹ̀ dídì. Bó o bá máa lọ, má ṣe sanwó kí wọ́n tó fi ìwé hàn ọ́ pé: orúkọ oníṣẹ́ abẹ tó máa gé ọ gan-an, iye tó ń ṣe lọ́dún, ẹni tó máa sanwó tó bá jò, àti bí ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ abẹ ṣe máa dé ọwọ́ GP rẹ.

Èkó ní àǹfààní kan tí Tọ́kì kò ní: oníṣẹ́ abẹ rẹ kò jìnnà, dókítà àti onímọ̀ oúnjẹ sì mọ ohun tí òkèlè jẹ́. Béèrè bóyá wọ́n ní yàrá ìtọ́jú àwọn tó wà láàárín ikú àti ìyè, àti bóyá ẹ̀jẹ̀ wà nílẹ̀. Tí wọ́n bá ní wọ́n máa gbé ọ lọ sí ọsibítù mìíràn tí nǹkan bá yíwọ́, bi wọ́n ní orúkọ rẹ̀ àti bó ṣe jìnnà tó nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ.

## Ìgbà tí kò tíì yẹ

Tó o bá lóyún. Tó o bá ń jẹ àjẹkì lóru tó o sì ń bì í jáde, tí ẹnikẹ́ni kò tíì tọ́jú rẹ̀. Tí o kò bá lè fi sìgá sílẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ọ̀rẹ́kùnrin tàbí ìyàwó àfẹ́sọ́nà ló fẹ́ ẹ, tí ìwọ kò fẹ́.

Tó bá sì jẹ́ nítorí ọjọ́ ìgbéyàwó, gbé e sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ní oṣù kẹrin lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, irun á ṣì máa re, aṣọ òfì tí télọ̀ wọ̀n ní oṣù kìíní á ti tóbi jù, o kò sì ní lè jẹ ju ṣíbí márùn-ún lọ níbi tábìlì tí wọ́n tò fún ọ. Fọ́tò ọjọ́ náà á sì wà títí. Ṣe ìgbéyàwó náà nínú ara tó o ní, kó o lọ rí dókítà lẹ́yìn ìsinmi ọlọ́yin.